Jíìpù Kékeré Tó Gun Òkè Àrẹ

Ọkọ̀ tí mo ń wà tẹ́lẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé tí òjò bá ti rọ̀ ní Akóbọ̀, níbi tí à ń gbé, etí ni mo máa ń fi sílẹ̀ láti gbọ́ bí abẹ́ rẹ̀ ṣe ń ha ilẹ̀. Ó pẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì já mi kulẹ̀ lójú ọ̀nà rí, ṣùgbọ́n ìyá mi kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ọkọ̀, wọ́n á di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á wá ju ara wọn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bọ́ sínú kòtò. Àtijáde tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, bí mo bá lọ sí Àpáta láti gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní ara àwọn kò yá.

"Ẹ jẹ́ ká ra jíìpù," ni ìyàwó mi sọ lọ́jọ́ kan.

Mo rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni mí ní Bódìjà, òun náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Irú jíìpù gbàràgàdà tí mo máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa ju agbára wa lọ. Ó ní kì í ṣe irú ìyẹn lòun ń sọ. Òun ti rí ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Ring Road, ó kéré, ó ga nílẹ̀ níwọ̀nba, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ní tọ́bò.

"Kí ni tọ́bò fẹ́ ṣe lára ẹ́ńjìnnì tó dà bíi ti ọ̀kadà?"

"Ẹ wá wà á wò ná kẹ́ ẹ tó bú u."

A lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, kò sì pariwo ọjà sí wa létí. Ó ṣàlàyé pé nínú tọ́bò, èéfín tó yẹ kó kàn jáde lásán ló ń yí fáànù kékeré kan, fáànù náà a sì máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára ju bó ṣe tóbi lọ. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò tíì gbà.

Òun náà bá wa jókòó sínú ọkọ̀, a sì forí lé Challenge. Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, mo tẹ iná. Kò kọ́kọ́ dáhùn. Ó dúró bí ìgbà téèyàn mí lẹ́ẹ̀kan, ó wá fà wá síwájú tí ẹ̀yìn mi fi lẹ̀ mọ́ ìjókòó.

"Ṣé ọ̀kadà náà nìyẹn?" ni ìyàwó mi bi mí láti ẹ̀yìn.

Òun náà ló ní ká yà sí Àpáta ká wò ó bóyá Màámi lè wọ̀ ọ́. Wọ́n jáde wá, wọ́n wo ọkọ̀ náà tìfura-tìfura, wọ́n fìdí lé ìjókòó iwájú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó parí. Wọ́n wojú mi.

"Ṣé mo ti wọlé nìyẹn?"

"Ẹ ti wọlé, mà."

Wọ́n fọwọ́ pa ìjókòó náà. "Ó dáa. Ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Òkè Àrẹ ni ẹ̀gbọ́n wọn ń gbé. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìsàlẹ̀ òkè ni takisí máa ń já èèyàn sí, ìyá mi kò sì lè fẹsẹ̀ gùn ún mọ́. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, orí fóònù nìkan ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń ríra. Mo wo ọkùnrin tó ni ọjà, pé bóyá yóò ní ó jìnnà jù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, sà. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà."

A dé àárín òkè nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó wà níwájú wa dúró láti já búlọ́ọ̀kù. Gọ́tà wà lápá ọ̀tún, ògiri ilé wà lápá òsì. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Nígbà tí akẹ́rù náà yà fún wa, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mò ń retí ká yí sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà dá ara rẹ̀ dúró, a ò yí sẹ́yìn rárá. Mo tẹ iná, ó tún mí lẹ́ẹ̀kan bíi ti àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú rẹ̀.

"Jésù o ṣeun," ni Màámi wí.

Ẹ̀gbọ́n wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn ò mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà.

"Àǹtí mi, ẹ ò wá pàdé mi?"

Ńṣe ni àwo ẹ̀gúsí dà nù. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sunkún, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń jiyàn ẹni tó rù jù nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín fún wa. Nígbà tí fóònù ọkùnrin ọlọ́jà náà dún, ó gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì, ó ní, "A ṣì ń wà á wò ni o." Kò sẹ́ni tí kò rẹ́rìn-ín.

A rà á. Mi ò ní sọ pé kò lábùkù. Búùtù rẹ̀ kéré, àpò ìrẹsì kan àti sílíńdà gáàsì ti gba gbogbo ibẹ̀. Ó máa ń mì wá lórí ọ̀nà tó bá ti bàjẹ́, ariwo táyà sì máa ń wọlé. Mẹkáníìkì mi kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì falẹ̀, torí ọ́ìlì tó ti gbó ló ń pa tọ́bò. Bí mo bá rọra wà á láti Akóbọ̀ dé Bódìjà, epo tó ń jẹ kò tó ti ọkọ̀ wa àtijọ́. Bí mo bá ń ṣe fáàrí, ó ń jẹ ẹ́ dáadáa.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n Màámi ní àwọn náà fẹ́ jáde. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Nígbà tá a dé Dùgbẹ̀, iyàn bẹ̀rẹ̀ lórí ibi tí bàbá wọn ti máa ń ra bàtà Kérésìmesì fún wọn. Ọ̀kan ní apá ibí ni, èkejì ní apá ọ̀hún ni. Wọ́n ní kí n yí po lẹ́ẹ̀kan sí i kí àwọn lè wò ó dáadáa.

Mo yí po.