Ẹni tí Màámi Kúnlẹ̀ Fún

Òórùn káńfọ̀ inú àpótí wíìgì mi kì í jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀sán kan ní kóòtù Mọníyà. Bàbá mi ti kú, àbúrò wọn sì fẹ́ gba oko lọ́wọ́ wa.

Màámi kúnlẹ̀ fún ọkùnrin kan tó gbé ìwé rẹpẹtẹ. "Lọ́yà, ẹ gbà wá o."

Ọkùnrin náà yẹra kíá, ó nawọ́ sí obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn. "Àwọn ni lọ́yà yín, mà. Akọ̀wé wọn lèmi."

"Obìnrin kẹ̀?" ni màámi wí. Lọ́yà ṣí àpótí wíìgì wọn, òórùn káńfọ̀ gbà mí nímú, mo sì bú sẹ́kún, torí mo rò pé oko ti lọ nìyẹn.

Obìnrin yẹn náà ló jà á tí oko fi kù sí wa lọ́wọ́. Síbẹ̀, títí dòní, bí mo bá ti ń dé wíìgì, ojú oníbàárà mi ni mo máa ń wò, bóyá ó ń wá ọkùnrin lẹ́yìn mi.