Góòlù Inú Ẹ̀wù Bàbá

Bí ẹ bá ní fóònù tó ti kú nílé, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí i. Kò ní bèèrè àlàáfíà yín kó tó bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ìyá Pàǹtí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò wa, kò sì bínú. Ó ní ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú pàǹtí kò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Góòlù ló ń wá níbẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù àtijọ́, pátákó pẹlẹbẹ kan wà tó ní àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ a sì máa dán yẹ́ríyẹ́rí. Góòlù ni dídán yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́lẹ́ débi pé èémí lè gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n á fi ẹ̀mú gé etí náà, á kó o sínú ìgò, á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, á wá da ásíìdì lé e lórí. Èéfín rẹ̀ ti jẹ páànù òrùlé wa, ó ti jẹ àgbékọ́ ilẹ̀kùn, ó sì ti jẹ kẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tí mo pariwo kẹ̀kẹ́, ó ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kẹ̀kẹ́ mi kọ́ ni àáké, ṣùgbọ́n ta ló máa bá a jiyàn?

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe é fún títà. Ìyá wa ló fẹ́ fi ṣe eyín fún. Ìyá tí àwọn ará òdìkejì òpópónà máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu. Kò lọ sóde mọ́. Bí mo bá dá àpárá, á yíjú sí ògiri. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́. Oníṣègùn eyín wá ní bí a bá ti mú góòlù wá, òun á fi ṣe eyín fún un. Ni Ẹ̀gbọ́n bá kó gbogbo pàǹtí tó ní jọ, ó ń gé e títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Bí góòlù bá ti yọ́ sínú ásíìdì, kì í jọ góòlù mọ́. Omi rúsúrúsú kan ló ń dà, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n ti se é títí agbára ásíìdì náà fi rọ̀, ó ku kó da oògùn tó máa mú góòlù sọ̀ kalẹ̀ sí i, ni òjò bá dé. Ó gbé ìgò náà wọlé, ó gbé e sórí tábìlì ìdáná, ó sáré padà lọ kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Ìyá fẹ́ gé àlùbọ́sà, kò sì ráyè lórí tábìlì náà. Bó ṣe ní kóun sún ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ìgò dojú dé.

Ìyá mú ohun tó sún mọ́ ọn jù, ó nu gbogbo rẹ̀ tónítóní. Ẹ̀wù funfun tó máa ń wà léjìká rẹ̀ ni. Ẹ̀wù bàbá wa ni. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú ló ti ń fi bora sùn, tó bá sì jí, á gbé e kọ́ èjìká.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó figbe ta. Ó kọ́kọ́ fa Ìyá lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ ní àfọ̀túnfọ̀. A dúpẹ́, kò bó. Lẹ́yìn náà ló ri ẹ̀wù náà sínú omi eérú kí ásíìdì má baà jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n góòlù ti wọ inú òwú lọ. Nígbà tí ẹ̀wù náà fi máa gbẹ, àyà rẹ̀ ti di elésè àlùkò, àwọ̀ tí omi góòlù máa ń fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìka Ìyá.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè fọ̀ ọ́ jáde ni?"

"Fífọ̀ ò lè yọ ọ́. Jíjó la máa jó aṣọ yẹn, ká wá yọ góòlù nínú eérú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àkísà tí mo fi ń nuwọ́ pàápàá, mi ò kì í jù ú nù, mo máa ń jó o ni."

Ìyá gbá ẹ̀wù náà mọ́ra. "Kí lo pè ní àkísà?"

"Màmá, ẹ má bínú. Tí a ò bá jó o, kò sí góòlù. Tí kò bá sí góòlù, kò sí eyín."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀wù bàbá yín lẹ fẹ́ jó nítorí eyín?"

"Ẹ̀yin náà ni mò ń ṣe é fún!"

Mo fẹ́ kí Ìyá tún máa rẹ́rìn-ín. Mo sì mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣáná sí ẹ̀wù yẹn, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pa iná náà.

Ìyá tẹ́ ẹ̀wù náà sórí itan. Ó ń fi ìka tó ti yí àwọ̀ pa àyà ẹ̀wù náà.

"Ṣé gbogbo góòlù yẹn ló wà nínú ẹ̀wù yìí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Màmá."

"Bàbá yín ò fi góòlù kanra rí títí ó fi kú. Owó òrùka tí mo fẹ́ rà fún un, ó ní ká fi ra ìwé fún yín." Ó gbé ẹ̀wù náà padà sí èjìká. "Ẹ jẹ́ kí bàbá yín wọ góòlù yìí."