Awó tó kọ̀ tí kò wọ igbó

Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ awó níwájú bàbá mi kó má bá a jà. Ọdẹ ni, ní Adja-Ouèrè wa níbí, láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń sá fún sọ́jà. Bí ẹnìkan bá ní òun rí ọ̀wọ́ ẹyẹ awó lọ́nà Oko-Akarè, bàbá mi á ní, "Níbo gan-an? Ṣé wọ́n ń tan ilẹ̀ ni àbí wọ́n ń sáré? Ọmọ wà láàárín wọn?" Bí ẹni náà bá ń kálòlò, ó tán nìyẹn. "O ò rí awó kankan. Adìyẹ ìyá ẹ lo rí."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, bàbá mi ló tọ́ mi, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Àwọn méjèèjì gbà pé ìyá wọn ló padà wá nínú mi. Nítorí náà, "Ìyá mi" ni bàbá mi máa ń pè mí, kódà nígbà tó bá ń bá mi wí.

Lọ́dọọdún tí wọ́n bá bọ Ògún tán, àwọn ọdẹ á jókòó, kálukú á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú igbó: ibi tí ẹyẹ pọ̀ sí, ibi tí wọn ò sí mọ́. Àwa obìnrin la ń gbé oúnjẹ lọ, tí a sì ń rọra gbé abọ́ òfìfo bọ̀, nítorí a fẹ́ gbọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, awó ló dá ìjà sílẹ̀. Àwọn sọ́jà ti gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, gbogbo wọn sì ti rò pé nígbà tí ìbọn kò bá dún mọ́, awó á pọ̀ débi pé wọ́n á máa bá wa jẹun lágbàlá. Òdìkejì ni wọ́n rí. Awó ń dín kù. Ẹnìkan ní ariwo ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà Pọbẹ̀ ló lé wọn. Òmíràn ní àwọn tó ń dáná sungbó láìtọ́ àkókò ló ń sun ẹyin wọn mọ́lẹ̀.

Bàbá mi dìde. "Ẹ gbé ẹnu yín sọ́hùn-ún. Oko ló kú! Àwọn ọ̀dọ́ ti sá fún iṣẹ́ tipátipá òyìnbó, kò sẹ́ni tó ń roko. Èkan àti eèsún ti bo ibi gbogbo. Awó kì í gbé inú eèsún. Ilẹ̀ tó mọ́ ló fẹ́, tó máa tàn, tó máa ṣa àgbàdo tó já bọ́ jẹ." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹyẹ igbó ń wá èèyàn. Bàbá mi gbé ìkòkò ẹmu tirẹ̀, ó bínú lọ sílé.

Ẹ̀rín wọn dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé èmi gan-an nílò awó lọ́dún yẹn. Nínú ìdílé wa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ ọdẹ gbọ́dọ̀ mú awó méjì wá, akọ àti abo, láàyè, láìfi ìbọn tàbí àdá kàn wọ́n. Bàbá ìyàwó á da omi sílẹ̀, á ṣàdúrà, á tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá ti wọ igbó, ọmọbìnrin náà lè máa lọ sílé ọkọ. Bí wọn ò bá wọ igbó, kò tíì lè lọ.

Àgbẹ̀ ni ọkùnrin tí mo fẹ́. Ìletò Massè ló wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń dá ẹmu, ó sì ń gbin àgbàdo àti gbágùúdá. Ó rọra máa ń sọ̀rọ̀, inú a sì máa bí mi nígbà míì nítorí ìrọra náà. Ó dẹ okùn sílẹ̀ níbi gbogbo, awó kankan kò kó sí i. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pọn ọmọ. Ìyá Àgbà á wò mí, á pòṣé, á ní, "Ṣé awó ni yóò fẹ́ ẹ ni, àbí èèyàn?"

Àfi lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti agọ̀ adìyẹ lórí. Awó méjì ló wà nínú rẹ̀, àmì funfun kún ara wọn tótòtó, wọ́n sanra, wọ́n ń dán. Háà! Mo fò sókè nínú yàrá débi pé mo forí gbá àjà. Gbogbo ilé péjọ. Bàbá mi da omi sílẹ̀, ó ṣàdúrà, ó sì ṣí agọ̀ náà kọjú sígbó.

Àwọn awó jáde. Wọ́n wo igbó. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí i. Wọ́n rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ gba àárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà kọjá, wọ́n lọ sídìí odó tí a ti gún àgbàdo láàárọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

"Yéè!" Ìyá Àgbà ló kígbe. "Awó tó mọ ìdí odó!" Ẹ̀rín bú jáde. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkùnrin Massè, ó ní, "Ta ló tọ́ àwọn ẹyẹ wọ̀nyí?"

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Adìyẹ ìyá mi ló sàba lé ẹyin wọn. Ìtẹ́ awó ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, mo mú lára ẹyin rẹ̀, mo fi í sábẹ́ adìyẹ. Mo rò pé awó náà ni awó."

"Kí lo fi mú ẹyin náà?"

"Ìgbakọ ni, Bàbá. N kò fọwọ́ kàn án, kí ìyá ẹyẹ má baà gbóòórùn èèyàn kó kọ ìtẹ́ sílẹ̀. Mo fi ẹyin tó pọ̀ sílẹ̀ fún un."

"Ó padà wá?"

"Ó padà. Ó sàba, ó pa ọmọ. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, àwọn àti ọ̀wọ́ tó tóbi."

Mo rí i tí ojú bàbá mi yí padà. Ó gbàgbé pé ó yẹ kóun máa bínú. Kò tilẹ̀ dúró kí àlejò jẹun, ó mú fìlà, ó ní, "Dìde, ká lọ." Wọ́n forí lé Massè lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Nígbà tí bàbá mi padà délé, ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. "Oko tí wọ́n ń ro ni! Ilẹ̀ mọ́ tónítóní! Awó sì kún ibẹ̀, ìyá, bàbá, ọmọ. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní orí mi ti dàrú." Ó ní òun gba ọkùnrin náà, ẹni tó ń fi ìgbakọ mú ẹyin kì í ṣe òmùgọ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ó gbé ìka sókè. "Àṣà ni àṣà, Ìyá mi. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá wọ igbó tí wọn ò padà ni wàá lọ."

Ìyà wá bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọwọ̀ lé wọn láàárọ̀, wọ́n padà nírọ̀lẹ́. Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi gbé wọn sínú agọ̀, ó gbé wọn kọjá odò, kó tó padà dé láti jíṣẹ́ fún mi, àwọn awó ti wà lórí òrùlé ìdáná wa tí wọ́n ń wò ó. Mo bú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo gba ẹ̀yìn ilé lọ kó igi ìdáná. Bàbá mi lóṣòó síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ń da àgbàdo sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń pe àwọn awó pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí àfi nígbà tí ara mi ò bá yá.

Inú bí mi débi pé igi bọ́ lọ́wọ́ mi. "Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ń ṣe báyìí?"

Kò dìde. Ó ṣì ń wo àwọn ẹyẹ náà. "Awó ti ṣọ̀wọ́n, Ìyá mi. Àwọn tó wà nílé mi nìyí."

Ìbínú mi tán lójú ẹsẹ̀. Mo lóṣòó tì í. Mo ní, "Bàbá, Massè ò jìnnà."

"Mo mọ ibi tí Massè wà," ló fi jágbe mọ́ mi. "Kí ẹni tó bí ọkọ ẹ tó mọ̀ ọ́n ni mo ti mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ nu ojú.

Láti ọjọ́ kejì kò da àgbàdo sílẹ̀ mọ́, ó sì ní kí a máa gbá ìdí odó dáadáa. Ó ń da àwọn awó lọ sígbó fúnra rẹ̀ láàárọ̀, lójoojúmọ́ ó ń lọ jìnnà sí i. Nírọ̀lẹ́ kan wọn ò padà. A dúró títí, wọn ò dé. Ó jókòó síwájú ilé, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò dà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ tí mò ń di ẹrù ilé ọkọ, ó pè mí, ó da àgbàdo náà sí etí aṣọ mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta á ní kókó. "Gbìn ín. Ẹ má jẹ́ kí oko yẹn kú. Bí oko bá wà, awó á wà níbẹ̀, èmi náà á sì rí ìdí tí màá fi máa wá."

Àgbàdo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí nílẹ̀ nígbà tí bàbá mi dé Massè. Ó ní awó lòun wá wò. Ó jókòó tì mí nídìí àdògán, ó ń sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi pọ̀ jù, títí tí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì yọjú sí oko rárá.