Bọ̀dá Tó Fẹ́ Nu Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé ní Ayọ̀bọ̀, wọ́n sì gbà pé kò sí nǹkan tó ń lo iná tí àwọn ò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn kan náà ni wọ́n tún fíríìjì wa ṣe títí tó fi di ibi tí mò ń kó aṣọ sí! Síbẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà mi yọ mí lẹ́nu nílé wa ní Ìgándò, àwọn ni ọkọ mi pè, kò tilẹ̀ bi mí.

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá aládùúgbò wa ni mò ń tò lọ́wọ́, àwọn atẹ̀wé sì ti ń retí rẹ̀. Iná lọ lójijì. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti gbó, gbogbo ẹ̀ kú pii. Nígbà tí iná dé, áàpù tí mo fi ń to ìwé kò dúró mọ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, á yọjú fìrí, á tún pòórá.

Bọ̀dá dé, wọn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi dájọ́.

"Ìyàwó wa, inú kọ̀ǹpútà yìí ti kú. A máa nu gbogbo ẹ̀ kúrò ni, ká bẹ̀rẹ̀ lọ́tun."

"Bọ̀dá, òkú wo ló ń kọrin?" Torí orin ń lọ lórí kọ̀ǹpútà náà lójú gbogbo wa. "Áàpù kan ṣoṣo ni kò ṣí, ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Fáírọ́ọ̀sì ni. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ọkọ mi ń mi orí bí alángbá.

Mo gbé ẹ̀bà fún wọn, torí iṣẹ́ tó dá mi lójú pé wọ́n lè parí nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, mo ṣí orúkọ tuntun sórí kọ̀ǹpútà náà, bíi pé àlejò ló fẹ́ lò ó, mo sì gba ibẹ̀ wọlé. Áàpù ṣí wẹ́rẹ́. Ó wá yé mi pé kò sóhun tó ṣe áàpù fúnra rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ wà lábẹ́ orúkọ tèmi. Áàpù a máa ní fáìlì kékeré kan tó fi ń rántí bí oníkálukú ṣe fẹ́ kó ṣe fún òun: irú lẹ́tà, ìwọ̀n ojú ìwé. Ó ní láti jẹ́ pé ibi tó ti ń kọ tèmi lọ́wọ́ ni iná ti lọ.

Mo padà sí orúkọ mi, mo wá fáìlì náà rí. N kò pa á rẹ́, mo kàn gbé e kúrò níbi tó wà. Nígbà tí mo tẹ áàpù, ó ṣí, ó sì ṣe fáìlì tuntun fúnra rẹ̀. Ìwé ìsìnkú náà wà níbẹ̀ láìfarapa.

"Bọ̀dá, ó ti ṣí."

"Mo sọ fún ẹ! Ó kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni jàre."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a lọ kí ìyá ọkọ mi nílé wọn, Bọ̀dá sì ròyìn fún wọn bí àwọn ṣe jí kọ̀ǹpútà mi dìde. Ìyá ṣàdúrà fún wọn, wọ́n sì ní kí Bọ̀dá bá àwọn wo fóònù àwọn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín wò ó."

"Ìyàwó, fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Mo fi sílẹ̀. Ká tó kúrò níbẹ̀, gbogbo àwòrán ọmọ-ọmọ Ìyá ti lọ lórí fóònù náà, Bọ̀dá sì ń ṣàlàyé pé fáírọ́ọ̀sì ni.