Fíìmù Ẹlẹ́ṣin Tí A Wò Ní Sakété

Mo ṣì kéré, mi ò tíì lè ru korobá omi délé láìdà á nù, nígbà tí wọ́n máa ń ṣe sinimá fún wa ní Sakété lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Yàrá kan ni, wọ́n á fi aṣọ dí fèrèsé rẹ̀, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Fíìmù àwọn ẹlẹ́ṣin Mẹ́síkò ni wọ́n sábà máa ń gbé wá, àwọn tó sì ṣe é ò lówó rárá: ẹni tí wọ́n yìnbọn pa níbẹ̀rẹ̀ la tún máa rí níwájú tó ń ta ọtí.

Èdè wọn ò yé ẹnikẹ́ni. Aránṣọ kan ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀, tí á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sí Ànàgó, Yorùbá tiwa. Irọ́ ni, òun náà ò gbọ́ ọ. Tí ẹlẹ́ṣin kan bá yọ, á ní, "Ará Takon nìyí, ẹ wò ó bó ṣe ń fẹgẹ̀!" Ilé á dàrú fún ẹ̀rín. Fíìmù tí kò bá ti lórúkọ abúlé wa nínú, a ò kà á sí fíìmù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi lọ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ti pa bàbá wa nígbà náà. Ará Yoko kan ló ṣá wọn ládàá nítorí ààlà ilẹ̀ ọ̀pẹ wa ní Aguidi, ó sì sá kọjá sí Ìpokíá, ní Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi búra pé ọjọ́ tó bá padà wálé lòun máa pa á. Lójoojúmọ́ ló ń ro oko létí ọ̀nà Yoko, tó ń ṣọ́ ọ.

Nínú fíìmù ọjọ́ náà, ọmọ kan ń wá ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Aránṣọ ò mọ̀ wá rí, ó kàn ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe ni. Ó ní, "Ará Aguidi lèyí o! Apààyàn yẹn ti sá lọ sí Ìpokíá, ó rò pé wọn ò ní wá òun débẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó ní, "Kí ni mo wá ń dúró dè?"

Ó dá mi padà sílé, ó mú àdá. Màmá wa dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já ara rẹ̀ gbà, ó lọ.

Nígbà tó ti Ìpokíá padà dé, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára àdá. Àìsàn ti pa ọkùnrin náà tipẹ́, koríko ti hù lórí sàréè rẹ̀. Màmá wa ní àwọn ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò ẹnubodè. Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún òun.

"Ìbínú yẹn ló ń gbé ọ dìde láàárọ̀, ọmọ mi. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tó lè gbé ọ dìde."

Háà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò roko mọ́. Kò fẹ́yàwó. Tí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ; tí a ò bá gbé e, kò ní béèrè.

Lónìí, kálukú yín ló ní sinimá tirẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀ ń dá wò ó, ẹ̀ ń dá rẹ́rìn-ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bá yín jà. Lọ́dún tó kọjá tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ẹ bi mí pé kí ló dé tí ojú mi gbẹ, mo sì ní ó rẹ̀ mí ni. Lójú mi, ọjọ́ tó ti Ìpokíá dé ló ti kú. Mo wá ẹkún yẹn títí, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò rí i.