Ọjọ́ Tí Ọjà Ìpata Dìde Gìrì

Nígbà tí mo kéré, tí òkìtì iṣu ìyá mi ní ọjà Ìpata ga jù mí lọ, gìrì kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Òun ni àìsàn tó máa ń mú ọmọdé tí ara rẹ̀ bá gbóná jù, tí ara á máa gbọ̀n, tí ojú á sì yí sókè. Ó ti mú ọmọ kan lọ ní agboolé wa ní Gàmbàrí. Mo rí i nígbà tí wọ́n gbé e jáde nínú aṣọ funfun. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin ọmọ mi, n kì í fẹ́ fi ẹnu mi pe ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo pọn àbúrò mi nídìí àtẹ ìyá mi. Ara ọmọ náà ń gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ní oòrùn ni. Iṣu wọ́n gan-an lásìkò náà, ọkọ̀ kò sì wọlé mọ́. Bí wọ́n ṣe kírun àílà ọ̀sán tán, ọkùnrin kan sáré wọjà, ó ń pariwo, "Wọ́n ti dé o! Lọ́rì iṣu mẹ́ta!"

Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin ti ń fò kọjá lórí ẹrù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn. Ìyá mi náà sáré tẹ̀lé wọn. Arúgbó tó ń ta ọkà bàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pàtẹ́wọ́, ó ní, "Lahaola! Gìrì ni gbogbo ọjà dìde!"

Gìrì nìkan ni etí mi gbọ́. Mo wo ojú àwọn tó ń sáré, mo rò pé àìsàn náà ti mú wọn. Àfi bí àbúrò mi ṣe ta gìrì lẹ́yìn mi! Mi ò dúró bi ẹnikẹ́ni. Mo sá délé, mò ń sunkún.

"Ìyá àgbà, gìrì ti mú ọjà! Ó ti fẹ́ mú àbúrò mi!"

Ìyá àgbà fọwọ́ kan ọmọ náà. "Ara ọmọ yìí ń jó bí iná!" Kíá ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tó yá, ìyá mi já wọlé láìwé gèlè. Ó ti wá wa káàkiri gbogbo ọjà. Ó rí mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọlọ́hun dá ọmọ náà sí. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé e dé ni Ìyá àgbà pè mí. Ó ní gìrì tọjà kì í ṣe àìsàn. Pé bí nǹkan bá dé lójijì, tí ara gbéra kí ọkàn tó ronú, ènìyàn ti dìde gìrì nìyẹn, ì báà jẹ́ ayọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀rù.

"Èwo ló mú ìyá mi?"

"Ayọ̀ ló gbé e lọ," ló wí. "Ẹ̀rù ló gbé e wálé."

Lónìí, kí lọ́rì tó kúrò lóko, fóònù ti sọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. Kò sẹ́ni tó ń sáré. Kálukú ló ń gba ìròyìn tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ọmọ ọmọ mi á kàn ta gìrì lórí àga, á tẹjú mọ́ fóònù, n kò ní mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ẹ̀rù. Èmi tí mo jókòó tì í ni mo máa ń bi í pé, "Ṣé kò sí nǹkan o?"