Àwọn Tó Ń Kẹ̀yìn sí Àpótí Orin

"Ó yá, ẹ kẹ̀yìn sí i."

Bí Bàbá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ariwo àga á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga márùn-ún á máa ha sìmẹ́ǹtì, ọkùnrin márùn-ún á yí ìdí padà, wọ́n á kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń fìyà jẹ. Ẹni tó bá ṣèèṣì yà wọlé lásìkò náà á rò pé wọ́n ń bára wọn jà ni. Ẹ̀yìn wọn ni àpótí orin méjì wà lórí tábìlì, ẹ̀gbẹ́ tábìlì sì ni èmi wà, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí mo di wáyà mú. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mò ń sọ yìí, mo ti pinnu pé màá ṣe màgòmágó.

Ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó la wà, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń gbé òórùn ẹja wọ̀ láàárọ̀ láalẹ́. Àwa ń gbé òkè, Bàbá ń gbé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe òun ló bí bàbá mi, kì í ṣe òun ló bí ìyá mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Káfíńtà ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Pópó Àgùdà ló ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré, ó sì ti kan ibùsùn àti àga fún àìmọye ìdílé kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, àpótí sípíkà nìkan ló kù tó ń kàn. Ó ní òun ti kan ibùsùn tó fún àwọn tó ń sùn, ó ku àwọn tó jí.

Gọ́ọ̀mù tó ń hó lórí sítóòfù rẹ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti bàtà aláwọ tí òjò pa. Tí mo bá ti iléèwé dé, iṣẹ́ tèmi ni òwú títú. Bàbá máa ń gba ìrọ̀rí àlòkù kiri àdúgbò. Èmi á tú òwú inú wọn, màá fi ọ̀pá nà án, màá sá a sóòrùn lórí ẹní, màá sì jókòó tì í, màá máa lé ewúrẹ́. Òwú yẹn ló ń kì sínú àpótí. "Bó bá pọ̀ jù," ló máa ń wí, "orin á dà bí ẹni tó daṣọ borí. Bó bá kéré jù, á máa dún bí agolo." Á ki ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, á gbọ́ ọ, á tún yọ ìdajì rẹ̀ jáde. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò ní bínú. Èmi ló máa ń sú.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun alásáárì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin á dé. Àlàájì tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí l'Ébùúté Èrò ló máa ń ṣáájú, ohùn rẹ̀ á ti wọlé kí ara rẹ̀ tó dé. Télọ̀ á tẹ̀lé e, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Tíṣà, ọmọ Èkìtì, á gbé àwo orin wá nínú páálí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú àwo náà, etí rẹ̀ ni wọ́n á ti mú un. Akọ̀wé ló kéré jù nínú wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí CMS. Wọ́n á jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, wọ́n á fọwọ́ dáadáa kí wọ́n tó nu àwo, wọ́n á wá jiyàn lórí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fún odindi wákàtí kan, abẹ́rẹ́ tí kò tó èékánná mi. Bí ẹ̀rọ ẹnì kan bá bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ló máa lọ síbẹ̀ bí ẹni lọ kí aláìsàn.

Ohun tó máa ń ya ìyá mi lẹ́nu ni pé wọn kì í jó. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, orin tí ẹ ò jó sí, kí lẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀?"

"Èémí, ìyàwó wa," ni Bàbá fi dá a lóhùn. "Èémí olórin là ń gbọ́."

Kò ṣàwàdà o. Ó ní àwo sákárà àtijọ́ kan tó fi ń dán àpótí wò. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ìlù àti gòjé inú rẹ̀. Bàbá ní ìyẹn ò ṣòro, ìlù ò lè fara pamọ́. Ṣùgbọ́n kí olórin náà tó gbé ẹsẹ kejì, ó mí. Mímí kékeré báyìí. Nínú àpótí tí kò dáa, ńṣe ló máa dà bíi pé orin dákẹ́ díẹ̀. Nínú èyí tó dáa, wàá mọ̀ pé ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ń purọ́ pé mò ń gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ lóòótọ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, ńṣe ni mo sunkún, mi ò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Èémí yẹn ló fà á tí wọ́n fi ń kẹ̀yìn. Wọ́n máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bàbá ní ti orin kọ́. Ó ní bí ojú bá ti rí igi tó ń dán, tàbí ohun tó ti òkè òkun dé, á ti sọ fún etí pé ó dùn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé àpótí tuntun wá, wọ́n á kọjú sí ògiri, èmi tí mi ò sí nínú ẹgbẹ́ á so wáyà mọ́ èkíní, màá yí bọ́tìnnì ohùn dé ibi tí Bàbá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Lẹ́yìn náà màá so ó mọ́ èkejì, màá yí i dé àmì tirẹ̀, kí ọ̀kan má baà fi ariwo gba ipò lọ́wọ́ ìkejì. Ẹni tó wà nídìí wáyà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Kálukú á wá sọ èyí tó wù ú, onílé ló ń sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ilé ẹni tí àpótí rẹ̀ bá borí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jókòó.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ilé Bàbá ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, bí mi ò bá sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ó lè má rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti Fúráìdè ni yóò ti máa gbálẹ̀ de Sọ́ńdè, á ra ẹ̀pà, á nu àga. Orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àtẹ̀gùn ilé wa yìí náà, kì í gùn ún. Èmi ọmọdé mọ̀ pé ọjọ́ tí Sọ́ńdè bá kúrò nílé yẹn, ilé náà máa ṣófo, Bàbá náà á sì ṣófo pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rù ọjọ́ náà máa ń bà mí.

Ọdún tí ìjọba san àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo Èkó ń ra sítíriò bí ẹni ń ra búrẹ́dì, ni Akọ̀wé ra tirẹ̀. Alábàárù ló rù ú wá láti Fájì, Akọ̀wé ń tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ìyá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àpótí dúdú ni, ó ń dán, aṣọ aláwọ̀ fàdákà bo iwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀. "Kì í ṣe pé mo wá bá yín du nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ ọ ni."

"Kí la ó bínú sí?" Bàbá fi ìka kan ara àpótí náà kó, kó, ó dẹ etí sí i. "Gbé e sórí tábìlì. Ó yá, ẹ kẹ̀yìn sí i."

Ti Bàbá ni mo fi ṣe èkíní. Àwo ń yí, gòjé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn Bàbá, níbi tí irun funfun ti hù díẹ̀díẹ̀, mo rántí pé kò ní sẹ́ni tó máa ra ẹ̀pà fún mọ́. Mo bá wúkọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé tirẹ̀ ló ń dún. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ikọ́ èké ni, irú èyí tí ọmọ máa ń wú tí kò bá fẹ́ lọ sí iléèwé. Bàbá ò mira.

Mo tú wáyà, mo so ó mọ́ ti Akọ̀wé. Orin dé ibi èémí. Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe èémí nìkan, mo gbọ́ bí ètè olórin náà ṣe là. Inú bí mi sí àpótí yẹn bíi pé ènìyàn ni.

"Èkíní," ni Àlàájì sọ, kò tiẹ̀ rò ó.

"Èkejì ni tèmi," Télọ̀ wí.

Tíṣà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Èmi náà, èkejì."

Ó kan Akọ̀wé. "Èkíní ló wù mí," ó wí. "Ó wọra jù." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Kò mọ̀ pé ti Bàbá lòun mú, tí òun fi tòun sílẹ̀.

Ó di méjì sí méjì, ó ku onílé. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń wo ibi tí màá gbé gúgúrú tó kù sí. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èkejì," ó ní.

Wọ́n yíjú padà, wọ́n rí i pé ara àpótí Akọ̀wé ni wáyà wà. Àlàájì ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Bàbá yìí, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹnu ara yín lẹ fi lé wa jáde nílé yín."

"Ti ìdí ni wọ́n sọ, Àlàájì," Bàbá rẹ́rìn-ín. "Wọn ò sọ ti etí."

Ojú ń ti Akọ̀wé bíi pé òun ló jalè. Ó ní kí òun kúkú fi àpótí náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá, kí wọ́n máa jókòó síbi tí wọ́n ti ń jókòó.

"Rárá o," Bàbá dá a lóhùn. "Òfin yìí náà ni mo fi gba Sọ́ńdè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Gbé ọmọ rẹ lọ sílé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá gbé orúnkún mi wá."

Wọ́n lọ tán, mo sá lọ síbi tí òwú wà, mo ń sunkún. Bàbá pè mí. "Ìyá Kékeré, wá níbí. Ikọ́ yẹn ti lọ?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mo ti mọ àpótí mi kí o tó wúkọ́. Èmi ni mo kàn án. Ta ló máa bímọ tí kò ní mọ ohùn rẹ̀? Àlàájì ló gba ikọ́ rẹ gbọ́."

"Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kí lẹ wá ń kẹ̀yìn sí i fún?"

Ó fi àtàǹpàkò pa àmì ṣọ́ọ̀kì rẹ́ lára bọ́tìnnì, ó rọra ń ṣe é. "Ojú rẹ̀ ni mo ń sá fún," ó wí. "Bí mo bá ń wò ó, yóò bẹ̀ mí, mi ò sì ní lè kọ̀ fún un."

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ó ti ta wá. Kò se gọ́ọ̀mù lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Fúráìdè, mo yọjú láti òkè, mo rí i tó mú ìgbálẹ̀, tó dúró díẹ̀, tó tún gbé e padà sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Ní Sọ́ńdè, ó kírun tán, ó wọ bùbá tó mọ́, ó gbé àwo sákárà rẹ̀ fún mi, a sì lọ sí Fájì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni Akọ̀wé ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta la jókòó sinmi lórí àtẹ̀gùn náà. Akọ̀wé ti gbé àga tó dáa jù sílẹ̀ dè é, ó kọjú rẹ̀ sí àpótí. Bàbá kí gbogbo ilé, ó gba omi mu, ó yí àga padà sí ògiri, ó jókòó. Àwo bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé tirẹ̀, Bàbá kì í jókòó jẹ́ẹ́ tí orin bá ń lọ. Á dìde lọ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí, á bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, á máa fura sí ìṣó kan. Lọ́jọ́ yẹn, kò dìde. Nígbà tó yá, mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin náà lábẹ́ ohùn, ohùn rẹ̀ há, kò tiẹ̀ dùn. Àlàájì yí ojú wò ó, ó wò mí. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí.

A sọ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Bàbá dúró. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbọ́ àpótí mi," ó ní. "Òní ni mo gbọ́ orin."

Ó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè láti ìgbà náà. Nígbà tí orúnkún kọ̀ pátápátá, Akọ̀wé àti Télọ̀ ló ń gbé e gun òkè, lórí àga tí òun fúnra rẹ̀ kàn.

Èmi náà ti dàgbà báyìí. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń pè mí láti wá yan ọmọ tó bá mọ ewì kà jù. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi wà nínú àwọn tó fẹ́ ka ewì. Mo ní kí wọ́n yí àga mi sí ògiri, kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá ti ń darúgbó. Ọmọ kẹta bẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀, ẹnì kan sì wúkọ́ láàárín èrò, ẹ̀ẹ̀mejì. Ikọ́ ọmọ mi obìnrin ni, mo mọ̀ ọ́n. Mo sì ti mọ ohùn ọmọ rẹ̀ kó tó wúkọ́.

Ọmọ náà kà á dáadáa, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi níbi tí mo kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n ọmọ karùn-ún, kó tó gbé ẹsẹ kejì, mo gbọ́ tó mí. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni ọmọ mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo fi í sílẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń ṣe é.